Ọ̀sẹ̀ Tí Bàbá Kò Rí Ẹ̀rọ Tún Ṣe

Mo rántí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi náà ju omi tó gbé e lọ. Pupa ni, ó nípọn, ó sì gùn láti ìdí ọkọ̀ dé orí rẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró kan tí ilẹ̀kùn tò sí lọ́tùn-ún lósì, tí gbogbo ilẹ̀kùn náà sì jọra. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣìnà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn, pẹ̀lú káàdì tí a fi ń ṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ mi, tí mò ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ní Zaria, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Bàbá mi tí kò kàwé kọjá pírámárì ló kọ́ mi bí a ṣe ń dá ilẹ̀kùn wa mọ̀. Ó ní kí n máa wo ibi tí kápẹ́ẹ̀tì ti ya díẹ̀, tí ẹnì kan ti fi òwú tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá a mu rán. "Ẹni tó rán an kánjú," ló wí, ó sì fi káàdì tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé.

Títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni iṣẹ́ Bàbá. Ìlọrin ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Zaria ló ti dàgbà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Télọ̀ láti Tudun Wada, láti Kwangila títí dé Dogarawa ló ń gbé ẹ̀rọ wá fún un, pàápàá bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé tí kálukú ń lé aṣọ tuntun. Àwa méjì ni ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ tó sì ti bí ọmọ méjì. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Ìyá wa kú. Bí ẹ̀sìn wa ti wí, ọjọ́ tó kú náà la sin ín, orí fóònù sì ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ohùn àwọn tó ń kírun sí i lára. Èmi ni mo di fóònù náà mú.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ kí gbogbo wa jọ lọ sinmi lórí ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, tí yóò gbéra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò sì yí àwọn erékùṣù Sìkọ́tíláǹdì ká fún ọjọ́ méje. Bàbá kọ́kọ́ béèrè pé kí ni òun ń wá lórí omi. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wá gbà, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, torí pé ẹ̀rọ méje ni òun tì mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ti àwọn èèyàn ni, Iléyá sì ń bọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tèmi jẹ́ ti àlọ àti àbọ̀, tirẹ̀ sì jẹ́ ti àlọ nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ti tún yàrá kan ṣe fún un nílé wọn. Wọ́n ti rí agbẹjọ́rò tí yóò bá wọn wá ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn lórí ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ fún un, nígbà tí inú rẹ̀ bá ti dùn tán.

Èmi mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má sọ, mo sì ní n kò ní sọ. Kí n má parọ́, mo tiẹ̀ rò pé ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn ajínigbé wà lọ́nà Kàdúná nígbà yẹn, gbogbo ìgbà tí Bàbá bá sì lọ ra irin ẹ̀rọ ní Kàdúná ni àyà mi máa ń já títí yóò fi wọlé. Mo rò pé ilé tó gbóná dáadáa, oúnjẹ gidi àti ọmọ-ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, kí ló tún kù tí àgbàlagbà ń wá? Ìwé ìrìn àjò àwa méjèèjì wà nínú báàgì mi, mo sì ń gbé báàgì náà kiri bí akọ̀wé ìjọba.

Ọkọ̀ náà ga ju ilé èyíkéyìí tí mo ti rí ní Zaria lọ. Kó tó gbéra, wọ́n pe gbogbo wa jáde láti kọ́ wa bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Bàbá wọ tirẹ̀, ó so okùn rẹ̀ le, ó sì yẹ ibi tí wọ́n ti rán okùn mọ́ ọn wò. Èmi ya fọ́tò. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, fọ́tò ni iṣẹ́ mi: èmi àti àtẹ̀gùn, èmi àti ẹran tí wọ́n to bí òkè, èmi nínú ẹ̀wù òtútù tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Dogarawa, èyí tó tóbi jù mí lọ. Mo ń fi wọ́n ránṣẹ́ sílé lójoojúmọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó fi èébú dá mi lóhùn.

Bàbá ò mọ ohun tó lè ṣe. Èmi àti ẹ̀ la jọ wà ní yàrá kan, mo sì rí i bó ṣe máa ń jí, tí yóò kírun, tí yóò sì jókòó létí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí ẹni àádọ́ta ọdún ló ń tún yàrá wa ṣe. Ọmọ Indonéṣíà ni, Mùsùlùmí bíi tiwa, òun ló sì ń sọ àsìkò ìrun fún Bàbá, torí pé aago mẹ́sàn-án máa ń kọjá níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá ò gbà kí ẹni tó tó àbúrò òun máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Kí ọkùnrin náà tó dé, Bàbá á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, á ti nu dígí, á ti kó ìdọ̀tí sínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rọra bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá òun ti ṣẹ Bàbá. Ó ní bí ọ̀gá òun bá gbọ́ pé àlejò ló ń tún yàrá ara rẹ̀ ṣe, wọn á ní òun ò ṣiṣẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ojú ti Bàbá. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́, ó sì fa bẹ́ẹ̀dì tó ti tẹ́ tú ká, kí ọkùnrin náà lè rí nǹkan ṣe.

Ibẹ̀ ni ojú Bàbá ti bọ́ sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí ṣòkòtò mú, ó wò ó sún mọ́.

"Bi í, ta ló rán an?"

Ọkùnrin náà ní télọ̀ wà nínú ọkọ̀, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń tún aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ṣe.

"To, ó dáa. Sọ fún un pé ẹ̀rọ télọ̀ náà ń fo òwú. Lẹ́yìn ojú mẹ́rin márùn-ún, á fo ọ̀kan. Wọ́n á ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ títí, abẹ́rẹ́ kọ́. Irin kékeré tó ń kọ́ òwú lábẹ́ ni kò pàdé abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Kí wọ́n tú ìdè ọ̀pá abẹ́rẹ́, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, báyìí péré." Ó fi ìka méjì hàn án bó ṣe kéré tó.

Mo túmọ̀ rẹ̀ tìtìjú-tìtìjú. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé, Haba, Bàbá yìí, ta ló bi yín? Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ya àwòrán irin náà sẹ́yìn ìwé tí wọ́n kọ oúnjẹ ọjọ́ náà sí, ó sì kì í bọ àpò ọkùnrin náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú àkísà funfun kan. Télọ̀ ọkọ̀ ló fi ránṣẹ́. Ó ti rán ìlà kan gbọọrọ sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ojú kan. Bàbá gbé e lọ sójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ tẹ̀ lé ìlà náà lọ, ó tẹ̀ lé e bọ̀. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Ìyá ti kú, inú mi sì dùn débi tí omi fi bọ́ lójú mi.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ gbọ́ ìtàn ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Bàbá. Ó ti tó kẹ́ ẹ máa sinmi báyìí."

"Mò ń sinmi," Bàbá dáhùn. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti fi sinmi, gbogbo ara ló ń ro mí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹ̀rọ méje tó tì mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ti ta ni èyí, kí ló ń ṣe ìyẹn. Ọ̀kan jẹ́ ti opó kan ní Tudun Wada, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ náà nìkan ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Bàbá ti ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ kejì tí òun bá dé, ẹ̀rọ rẹ̀ á ti délé. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo àwo oúnjẹ. Mo ti àwo tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọ lọ síbi omi ìlúwẹ̀ẹ́. Bàbá àti èmi jókòó sórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin etí ọkọ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì lórí orókún wa. Ó ń ka ọjọ́. Ó ní lọ́la la ó sọ̀kalẹ̀, a ó lo ọjọ́ mẹ́ta nílé ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn náà ó di Zaria, bí a bá sì ti délé òun ò ní sùn, ṣọ́ọ̀bù ni òun máa kọ́kọ́ ṣí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó bi mí bóyá láti Zaria ni mo ti mọ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ọwọ́ mi ni ìwé ìrìn àjò òun wà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ká búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Àwọn tó gbé ẹ̀rọ fún mi," ló wí, "wọ́n á ní mo gbé e sá lọ ni."

Lọ́sàn-án, ó pe ẹ̀gbọ́n mi sí yàrá wa. Ó ní, "Ọmọ mi, ra tíkẹ́ẹ̀tì mi fún mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n o ò bi mí."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wò. Kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó di ẹsẹ̀ Bàbá mú, ó sì sunkún bí n kò ti rí i kó sunkún rí. "Orí fóònù ni mo ti sin Màámi," ló ń wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sin ẹ̀yin náà lórí fóònù."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Lẹ́yìn ìyá yín, iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tí mo fi ń jí láàárọ̀. Má gbà á lọ́wọ́ mi."

Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. A padà sílé, ẹ̀rọ méjèèje sì jáde kí Iléyá tó dé. Ó lé ní ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí ó bá pe Bàbá tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ní kó bá òun kí mi, ó tán. Bàbá lo ọdún mẹ́rin sí i. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló gbé e lọ, nílé, lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, a sì sin ín kí ó tó di ìrun alásárì. Bàálù tó yá jù lọ kò lè gbé ẹ̀gbọ́n mi dé. Mo tún di fóònù mú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló dé. Mo ń retí kó dá mi lẹ́bi, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó ń padà lọ, nígbà tí a dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e, ló tó bi mí: "Ọdún mẹ́rin yẹn, ṣé inú rẹ̀ dùn?"

Mo ní inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ó mi orí. "Inú tèmi náà ì bá dùn, ká ní ọ̀dọ̀ mi ló ti lò ó," ló wí.

Ní Zaria níbí ni mo wà títí di òní, mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ẹ̀gbọ́n mi sì ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. A ti ń rẹ́rìn-ín pọ̀. N kò kábàámọ̀ rí pé mo sọ fún Bàbá, bí a bá sì tún wọ ọkọ̀ yẹn lónìí, màá tún sọ. Ibi tó ń dùn mí yàtọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò jìnnà sí wa, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń pe àwọn ọmọ nínú omi. Mo lè kọ́kọ́ dìde lọ bá a. Mo lè sọ pé, Àǹtí, n kò lè pa á mọ́ra mọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ fún un. N kò lọ.