Aago Mọ́kànlá Kò Bá Arlys Dọ́gba

Ní ìlú Hadley Fork, ní Montana, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ rìn lọ sí àwọn adágún orí òkè, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé, "Ṣé Arlys mọ̀?" Arlys Thorsrud kì í ṣe olóyè, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé kankan rí. Kò sì dúró de ẹnikẹ́ni rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ tirẹ̀ gan-an ń wá ìbọ̀sẹ̀ káàkiri ilé. Arlys fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ. Ọmọ náà fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé. Láti ọjọ́ náà, alẹ́ ló ti ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwà yìí kan náà ló gbé gun òkè nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọjọ́rú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun àti ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ á kúrò nílé ní ìdájí, wọn á gùn kọjá ibi tí igi ń hù dé, wọn á jẹ búrẹ́dì létí adágún, wọn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn àlejò a máa pe àwọn omi yẹn ní odò. Kò rí bẹ́ẹ̀: odò a máa ṣàn, adágún jókòó. Òfin kan ṣoṣo ni Arlys ní: bí aago mọ́kànlá bá ti lù, ibi yòówù kí o dé, yíjú padà. Ojú ọ̀run tó mọ́ gaara láàárọ̀ kò ṣèlérí ohunkóhun fún ọ̀sán. Àrá a máa dé lójijì níbẹ̀, ẹni tó bá sì dúró níbi tí igi kò sí, òun gan-an ni igi.

Ogójì adágún ló yí ìlú náà ká. Orúkọ wọn wà lórí pépà kan tí Arlys lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì rẹ̀, ó sì ti fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ mọ́kàndínlógójì tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé. Ó ku ẹyọ kan, Adágún Ìbọ̀wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni aago mọ́kànlá ti dá a padà lọ́nà ibẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin báyìí, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, dókítà sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un nínú oṣù kẹsàn-án. Dókítà ní lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan ni yóò máa rìn. Gígun àpáta ti parí. Nítorí náà, ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹjọ ni àǹfààní ìkẹyìn tó ní láti dé Adágún Ìbọ̀wọ́.

Gaylen, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló bá a lọ.

"Ìyá Dírẹ́bà, ṣé mo lè dúró mí díẹ̀, àbí ọkọ̀ ò ní dúró?"

"Máa mí bó o ṣe ń rìn. Ẹsẹ̀ lo fi ń rìn, kì í ṣe imú."

"Orúnkún ẹ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn níbí."

"Jẹ́ kó máa dún. Tìẹ tí kò dún, ṣebí ẹ̀yìn náà lo wà."

Wọ́n dé ibi tí òjò dídì ṣì sùn sí lábẹ́ góńgó òkè. Ẹ̀yìn góńgó náà ni adágún wà. Bóyá ni yóò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Arlys wo aago ọwọ́ rẹ̀: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àyè ṣì wà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé òjò dídì, ẹsẹ̀ náà sì rì kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ó fà á yọ, ó gbé e síbòmíràn. Ó tún rì.

Kò sí ọmọ Hadley Fork tí kò mọ èyí. Òjò dídì tó sun òtútù mọ́jú a máa le bí òkúta láàárọ̀. Ní aago mẹ́wàá, oòrùn ti rọ̀ ọ́ díẹ̀, ojú bàtà nìkan ló ń gbé mì. Bó bá ti ń gbé ọrùn ẹsẹ̀ mì, aago mọ́kànlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Gaylen. Ta ló fọwọ́ kan aago mi?"

Gaylen wo bàtà ara rẹ̀. "Ogójì ìṣẹ́jú péré ni mo fi dá a sẹ́yìn. Nígbà tó ò ń fi òróró pa orúnkún láàárọ̀. Arlys, wò ó, òkè ọ̀hún nìyẹn! Mo fẹ́ kó o débẹ̀ ni. O ò tún ní lè wá mọ́."

"O wá purọ́ fún mi."

"Aago ni mo purọ́ fún, kì í ṣe ìwọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Arlys, ṣùgbọ́n omijé ló lé sí i lójú. Afẹ́fẹ́ tútù ń ti ẹ̀yìn góńgó bọ̀, ó ń gbé òórùn omi wá. Òun ló ṣe òfin. Òun náà sì lè rú u, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ó yí aago náà sí bó ṣe yẹ: aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ṣì jẹ́ tèmi," ó wí, ó sì ń gùn lọ.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, ó ku nǹkan bí ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Arlys yíjú padà.

Wọn kò tíì wọ àárín igi tán tí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀, tí àrá sì sán mọ́ góńgó náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Arlys bojú wẹ̀yìn wo Gaylen.

"O ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

"Mò ń mí."

Nígbà tí wọ́n délé, Gaylen mú gègé nídìí fìríìjì, ó nà án sí Arlys. "Fa ìlà sí i. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀! Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi," ni Arlys wí. Kò fà á.

Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún kejì dé, àwọn tó ń gun òkè lọ́jọ́rú forí lé Adágún Ìbọ̀wọ́. Arlys fọwọ́ ara rẹ̀ de aago náà mọ́ ọwọ́ Gaylen, ó sì dúró ti ọkọ̀ nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ọ̀pá àti kọfí gbígbóná. Nígbà tí Gaylen padà dé, apá ẹ̀wù rẹ̀ rin fún omi dé ìgúnpá.

"Arlys, àwọ̀ omi yẹn..."

"Dúró ná. Aago mélòó lẹ yípadà?"

"Mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú."

Arlys gba aago náà, ó fi wé ti inú fóònù rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bu kọfí fún un.

"Ó dáa. Ó yá, sọ bó ṣe rí. Má sì fo nǹkan kan o."