Ẹyin edé inú agolo ẹ̀gbọ́n mi

Pálọ̀ wa ni mo ti ń tẹ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń sin ẹja níbí ní Aké ti kú. Ẹyin edé tó fi ń bọ́ ọmọ ẹja ṣì wà nínú agolo, ó ti gbẹ bí eruku. Lánàá, mo da díẹ̀ sómi iyọ̀ nínú abọ́. Lónìí, wọ́n ti pa, wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́!

Màmá wa ní: "Kí ló dé tí wọn ò kú?"

"Púrótíìnì ara èèpo wọn ló dáàbò bò wọ́n, Mà."

"Kí ló dé tí gbogbo wọn wọ́ jọ sápá yàrá ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé, Mà."

A jọ wo ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ ẹ̀.

Iná ò sí. A ò sì ṣí fèrèsé yàrá náà látọjọ́ tí a sin ín.

Ta ló máa wá bá mi ṣílẹ̀kùn?