Ìyá Mi Tó Ń Ṣọ́ Etí Òkun

Mi ò tíì ga ju odó ìyá mi àgbà lọ nígbà tí ìbéèrè kan ti sú mi láyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìyìn-Èkìtì, kò sí àgbàlagbà tí mo kí tí kò ní bi mí pé, “Kí gan-an ni ìyá rẹ ń ṣọ́ létí òkun? Ta ló fẹ́ jí omi gbé?” Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á fọwọ́ gbá mi lórí, wọn á sì máa lọ, bí ẹni pé àwọn ló kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Kí n tó ru korobá omi kan láti odò délé, mo lè gbọ́ ọ nígbà mẹ́rin.

Ibùdó àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun kan ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́, ní apá Ìlàjẹ, níbi tí ilẹ̀ ti parí pátápátá. Òun ló ń jókòó ti ẹ̀rọ rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ yìí ló sì kọ́kọ́ yọjú, ni ìyá mi bá fi mí sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ó lọ. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa ń wálé. Kí ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ má bínú pé mo ń pe ìyá mi ní “ó”. Èkìtì ni wá. Nílé tiwa, ẹnì kan ni ẹnì kan ń jẹ́, ọ̀wọ̀ ibẹ̀ kò sì dín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹ ó mọ irú ilé tí mò ń wí. Ojú kì í tíì mọ́ tán tí mo fi máa gbá àgbàlá. Lẹ́yìn ìyẹn, omi. Lẹ́yìn omi, kí n ṣa igi wá. Bó bá di ọ̀sán, iyán. Bí ìyá àgbà bá rí kókó nínú iyán, kò ní bá mi jà. Yóò kàn fi ọmọ ìka mú kókó náà, yóò gbé e síwájú mi, yóò ní, “Jẹ ohun tó o gún.” Tí mo bá pẹ́ nídìí ten-ten tàbí òkòtó, ìkúnlẹ̀ ló kàn, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n kọjú sí ògiri. Mo mọ gbogbo ihò ara ògiri yẹn bí ẹni mọ ilé ìwé rẹ̀.

Ẹ óò rò pé ọjọ́ tí ìyá mi bá dé ni ìsinmi mi. Irọ́ ni. Ọjọ́ náà gan-an ni ìdààmú. Ó máa ń ra ẹja gbígbẹ àti edé bọ̀ lọ́nà, kí ó sì tó sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn ará àdúgbò ti gbé abọ́ dé. Wọ́n gbà pé ẹja ni wọ́n ń pa ní ibùdó. Ìyá mi á ní, “A kì í pẹja níbẹ̀ o. Àwọn tó ń pẹja là ń ṣọ́.” Gbogbo wọn á mi orí pé àwọn gbọ́. Ẹnì kan á wá gbé ẹja kan sókè, á ní, “Èyí tẹ́ ẹ pa lọ́tẹ̀ yìí mà tóbi o!” Èmi ni mo máa fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbogbo rẹ̀. Títí di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìka mi á ṣì máa rùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó jókòó tì mí á sì máa sún.

Kíláàsì karùn-ún ni mo wà tí tísà wa ní ká kọ àròkọ lórí iṣẹ́ tí ìyá wa ń ṣe. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Mo ní ìyá mi kì í pa ẹja; ohùn àwọn tí omi fẹ́ gbé ló ń gbọ́, òun ló sì ń ní kí ọkọ̀ lọ gbà wọ́n. Tísà yìí kò rí omi tó ju odò ẹ̀yìn ìlú wa lọ rí. Ó ka àròkọ mi sókè, ó ń dúró nídìí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí kíláàsì lè rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. “Obìnrin? Lórí òkun? Láti Ìyìn níbí? Irọ́ kì í ṣe àròkọ.” Ó ní kí n fi ọjọ́ mẹ́ta gé koríko ẹ̀yìn ṣáláńgá. Àdá tí wọ́n fún mi kò mú, koríko náà sì ti gbó. Ẹ̀yin náà mọ òórùn ibẹ̀.

Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ fún ìyá àgbà. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ ọjọ́ Àìkú láàárín ọ̀sẹ̀, ó tẹ̀lé mi lọ sílé ìwé. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí. “Tísà, ọmọ ta lo pè ní òpùrọ́? Uṣẹ́ ọmọ mi kì í ṣe irọ́. Ọmọ mi ló ń sọ fún òkun pé kó dúró, òkun á sì dúró!” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tísà pàápàá yíjú sí ògiri. Ìyá àgbà rò pé òun ti borí, ó fi ayọ̀ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi nílé ìwé di “Òkun-Dúró”.

Ìyá mi gbọ́. Ó kọ lẹ́tà rán awakọ̀ kan sí wa pé lọ́jọ́ tí àwọn òbí máa wá bẹ̀ wá wò nílé ìwé, òun á wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ òun, tòun ti fìlà. Mo sọ fún gbogbo ayé. Lọ́jọ́ náà, mo fi áyọ́ọ̀nù èédú lọ aṣọ mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Mo gba àga kan sílẹ̀ níwájú. Nọ́ọ̀sì dé, ìyá ẹnì kan. Àgbẹ̀ dé, bàbá ẹlòmíràn, tí òórùn ọṣẹ ṣì wà lára bùbá rẹ̀. Mo wo géètì títí ọrùn fi ń dùn mí. Tísà wo àga náà, ó wò mí, ó sì yíjú sí àwọn àlejò. Ì bá kúkú nà mí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, èmi fúnra mi ni mo gbé àga náà padà sí ọ́fíìsì hẹdimásítà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló tó dé. Kò gbé ẹja. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ ti bó. Ó ní, “Ọkọ̀ kan sọnù. Mi ò lè kúrò nídìí ẹ̀rọ.”

Mo ní, “Lọ máa bá àwọn ará inú ọkọ̀ yẹn gbé. Àwọn lọmọ rẹ.”

Ìyá àgbà gbọ́wọ́ sókè, ìyá mi di ọwọ́ náà mú. “Jẹ́ kó wí i,” ló sọ. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó sì ní fún mi pé, “Bí ìsinmi bá dé, wàá tẹ̀lé mi.”

Mo tẹ̀lé e. Láti Adó dé Àkúrẹ́, Oǹdó, Òrè, Òkìtìpupa, mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ ojú omi, mo di ìró rẹ̀ mú bí ọmọ ọdún méjì. Mo wá òkè kan tí mo lè gbójú lé, n kò rí. Ọ̀run àti omi nìkan ni. Kí ni ènìyàn ń wá níbi tí kò sí òkè?

Mo ti ń retí ìbọn ńlá. Okùn ni mo bá. Ibùdó náà jẹ́ ilé pákó gígùn kan lórí òpó, irin gíga kan ló nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ mẹ́ta sì wà ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń bu epo sí. Yàrá kan kún fún okùn àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Yàrá kan ní bẹ́ẹ̀dì méjì àti nọ́ọ̀sì kan. Láàárọ̀, wọn á fi ṣọ́ọ̀kì kọ bí afẹ́fẹ́ àti ìgbì ṣe rí sára pátákó, àwọn apẹja á sì wá wò ó kí wọ́n tó lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, wọn á kà á fún un. Àwọn ọkọ̀ náà ló ń lé àwọn tó ń jí epo, àwọn kan náà ló sì ń fa ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú wálé. Mo bi ìyá mi pé èwo wá ni iṣẹ́ ibùdó yìí gan-an nínú gbogbo rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀. “Kí wọ́n pè, kí wọ́n bá wa nílé,” ló ní.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni kò pè. Ìyá mi jókòó, ẹ̀rọ ń ṣe ṣìì, ṣìì, èmi náà jókòó. N kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, n kò gbọdọ̀ kọrin, n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá pákó. Gààrí àti ẹja láàárọ̀, gààrí àti ẹja lálẹ́. Mo ronú pé, nítorí èyí ni mo ṣe gé koríko ọjọ́ mẹ́ta?

Lọ́jọ́ kẹrin, òòrùn ti ga, ohùn ọkùnrin kan bú jáde nínú ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì ti kú, omi ń wọ inú ọkọ̀, àwọn oníṣòwò ló kó, àwọn obìnrin ń sunkún. Ìyá mi gbé ọwọ́ kan sókè, àwọn ọkùnrin tó wà níta ti ń sáré lọ sídìí ọkọ̀.

“Ènìyàn mélòó lẹ jẹ́?”

“Mọ́kànlá.”

“Ẹ mú igbá, ẹ máa gbọ́n omi. Ìwọ, máa bá mi sọ̀rọ̀. Má dákẹ́. Kí lò ń rí ní ọwọ́ òsì rẹ?”

Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó fi ń bi mí pé ṣé mo ti wẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dé, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ìyá mi mi orí. “Ohùn mi ló ti mọ̀,” ló sọ wẹ́lẹ́. Kò dìde. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, èmi náà kò dìde.

Ọ̀sán ti yẹ̀ kí ọkọ̀ wa tó kó wọn dé. Ìyá mi dúró sórí afárá pákó, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Obìnrin tó gòkè kẹ́yìn yí ẹ̀yìn padà, ọmọ ìkókó kan wà níbẹ̀ tó ń sùn.

Ìyá mi, tí kò pariwo láti àárọ̀, wá bú jáde. “Méjìlá! Mọ́kànlá lẹ sọ fún mi! Bó bá bọ́ sómi ńkọ́? Mọ́kànlá là bá kó, à bá yí ọkọ̀ padà!”

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí pákó. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yìn mi ló wà. Mo kà á mọ́ ara mi ni.”

Ìyá mi yíjú, ó lọ sẹ́yìn àwọn dúrọ́ọ̀mù epo. Mo bá a níbẹ̀, ó ń fi fìlà nu ojú. N kò mọ ohun tó tì mí tí mo fi bi í: “Ọkọ̀ ti ọjọ́ yẹn ńkọ́, ọjọ́ tó ò wá? Ṣé ẹ rí i?”

“A rí ọkọ̀ náà,” ló ní.

Mo dúró kó sọ̀rọ̀ kan àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Mo lọ kó àwọn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, mo fọ̀ wọ́n, mo tún wọn fọ̀, mo sá wọn, mo sì tún lọ kó wọn wálẹ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, tísà ní ká kọ ohun tí a ṣe nínú ìsinmi. Mo mú kálàmù. Mo wo ojú ọkùnrin yìí, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé: “Mo sinmi. Mo jẹ ẹja.” Ó ní mo ṣe dáadáa, pé mo ti ń jáwọ́ nínú irọ́.

Lóde òní, ìyá mi ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé ní Adó. Nígbà náà, gbogbo òkun yẹn, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, a sì ń gbọ́ra wa. Nísinsìnyí, fóònù márùn-ún ló wà nínú ilé mi, ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé ibẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan ní àsìkò òjò tó kọjá, odò ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kún, omi ya wọ ilé tọkọtaya arúgbó kan. Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì tí ẹgbẹ́ àwọn onílé lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri. Ó dún títí, ó gé. Mo tún pè é. Ó dún títí, ó gé. Ọmọ mi ọkùnrin dúró tì mí, ó ń ya fídíò.

Ìyá mi ń wò mí. “Ṣé kò sẹ́ni tó jókòó tì í ni?” ló bi mí.

Kí n tó tún pè, ó ti tú okùn tí a fi ń sá aṣọ, ó ti ń tiro lọ sísàlẹ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi, mo ní kó di ìdí okùn mú. A kó àwọn arúgbó náà jáde. Wọ́n ti jókòó sí pálọ̀ wa, wọ́n ń mu tíì gbígbóná, kí fóònù mi tó dún. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń pè láti nọ́ńbà pàjáwìrì náà, ó ní òun rí i pé mo pè, ṣé kò sí wàhálà?

Ìyá mi ló gba fóònù, ó béèrè ibi tí ọ́fíìsì wọn wà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n gbé òun lọ. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní, “Màmá, ẹ lọ sinmi.” Kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, àgbàlagbà bí èmi yìí, ṣe ń fi ọ̀nà iṣẹ́ mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti gbé ìyá mi lọ jókòó ti fóònù, tí mo sì ń sunkún epo mọ́tò. Àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ pe nọ́ńbà yẹn ní ọjọ́ Túsìdeè tàbí Tọ́sìdeè. Kò ní dún lẹ́ẹ̀mejì.