Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kú Lógún Ìṣẹ́jú

Ọkọ mi kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó tó fetí kàn án. Sukudiráfà gígùn kan ló máa ń lò: á fi ẹnu irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi èkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, á dijú, á sì máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń rojọ́ fún. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe é fún àwọn ọkọ̀ ojú omi, àwọn ará etí odò sì ń pè é ní Dókítà. Èmi ìyàwó rẹ̀, ọ̀dà ni mò ń kùn. Tí òun bá tún inú ọkọ̀ ṣe tán, èmi á kun ara rẹ̀. Báyẹn la ṣe ń jẹun, inú wa sì ń dùn, àfi ìgbà tí a bá ń jà.

Ohun tí a sì ń jà lé lórí jù ni etí. Láti bí ọdún mẹ́ta ni etí ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, ti ń di. Tí mo bá pè é láti inú yàrá, ògiri ló ń dá mi lóhùn. Tí mo bá ní kó lọ rí dókítà tòótọ́, á ní èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ sínú. Àwọn àgbà ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́. Inú tiẹ̀ ò bà jẹ́ rárá, tèmi ló ń bà jẹ́.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí Ọ̀gá Atukọ̀ fi gbé ọkọ̀ àtijọ́ kan wá. Atukọ̀ yìí ti fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń gbé èrò sọdá odò ló fẹ́ jí dìde. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Oṣù mẹ́ta la fi ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ọkọ mi tú u palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Èmi kun gbogbo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì mi lè dé: àwọ̀ ewé sí ẹ́ńjìnnì, pupa sí táńkì epo, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí ó fi ń dán gbinrin. Kò sí ẹni tó rí i tí kò kí mi, mi ò sì ní purọ́, orí mi wú.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀, ó jí kíá. Ó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ó rẹ̀wẹ̀sì, ó kú. Ọkọ mi ní ìdọ̀tí ló wà nínú asẹ́ epo. Ó pààrọ̀ asẹ́. Èmi ṣí táńkì, mo ki igi bọ̀ ọ́ láti wo ibi tí epo kù dé, mo dé e padà. A tún sítáàtì, ó jí, a bọ ara wa lọ́wọ́. Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, ó kú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní páìpù ló ń fa atẹ́gùn. Ó pààrọ̀ páìpù, mo yẹ epo wò, ẹ́ńjìnnì jí, ó tún kú. Lọ́jọ́ kẹta, pọ́ọ̀ǹbù ló jẹ̀bi. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá pààrọ̀ ló máa ń dà bíi pé ó ti wò ó sàn, torí ẹ́ńjìnnì á tún jí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Atukọ̀ wá. Kò bínú, ṣùgbọ́n ó ní òun ti rí ẹ́ńjìnnì tuntun kan. Bí ti àtijọ́ ò bá lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko lọ́la, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ọkọ mi ní ó dáa. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó nu sukudiráfà rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́, òun náà á yọwọ́ nínú iṣẹ́. Kò dárúkọ etí o. Ó ní ẹ́ńjìnnì ni kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ ohun tó ń sọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ọkọ mi sítáàtì ẹ́ńjìnnì, Atukọ̀ sì jókòó sórí àga, ó ń wo aago. Ogún ìṣẹ́jú, ó kú. Ọkọ mi tẹrí ba. Nítorí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo lọ ṣí táńkì bí ìṣe mi. Ìdérí rẹ̀ le díẹ̀, mo fagbára yí i, ó sì fà fùùù, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ kìíní. Mo ti ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni táńkì máa ń ṣe ni. Èmi tí wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ọ̀dà mi, kí ni mo fẹ́ sọ?

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró. Agolo mílíìkì tí a lu ihò kan ṣoṣo sí kì í dà dáadáa. Àfi kéèyàn lu ìkejì, kí atẹ́gùn lè rọ́nà wọlé. Mo yí ìdérí náà síbí sọ́hùn-ún. Ihò tíńtín kan wà láàárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rántí pé mo rí i. Ọ̀dà pupa mi ti dí i pa. Epo ń jáde nínú táńkì, atẹ́gùn ò wọlé rọ́pò rẹ̀, nígbà tó bá yá, táńkì á di epo mú, ẹ́ńjìnnì á kú. Tí mo bá wá ṣí i láti yẹ epo wò, atẹ́gùn á ya wọlé. Èmi ni mò ń pa á, èmi náà ni mo sì ń jí i.

Ojú tì mí gan-an. Mo rò ó pé kí n fi abẹ́rẹ́ lu ihò náà ní kọ̀rọ̀, kí n dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, títí láé ni ọkùnrin yìí á máa rò pé ọwọ́ òun ti kú. Mo gbé ìdérí lọ bá a, mo sọ ọ́ sókè sí i létí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Èmi ni mo fi ọ̀dà dí ihò tí táńkì fi ń mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ló máa ń fà fùùù."

Ó gba ìdérí, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó wò mí. "Ó ń dún?"

"Ó ń dún dáadáa."

Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò bú mi. Ó fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ gún ọ̀dà náà jáde, ó dé táńkì, ó sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọgbọ̀n kọjá. Nígbà tó di ogójì, Atukọ̀ dìde, ó béèrè ohun tó ń ṣe é látọjọ́ yìí. Mo lanu láti gba ẹ̀bi mi, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti ṣáájú mi.

"Ọ̀gá, etí mi ló ti ń di," ó ní. "Ọjọ́ márùn-ún ni táńkì yìí fi ń ké sí mi, mi ò gbọ́. Ìyàwó mi ló gbọ́ ọ."

Ohun tí kò gbà fún mi nínú ilé láti ọdún mẹ́ta ló sọ lójú ẹlòmíì yẹn. Atukọ̀ mi orí, ó padà lọ jókòó. Ó ṣì ku ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ mi fọwọ́ gbá ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n wá jókòó, kí n máa sọ gbogbo ohun tí mo bá ń gbọ́ fún òun. Mo jókòó, mo gbẹ́nu sún mọ́ etí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.