Jímọ̀ Tí Mo Fi Kọ́rì Se Ọbẹ̀ fún Ilé Ọkọ Mi

Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ṣakí nítorí agolo kọ́rì kan. Ó ti lé lógójì ọdún, síbẹ̀ bí mo bá rántí, ẹ̀rín á máa pa mí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Nílé ìwé gírámà, tíṣà tó ń kọ́ wa ní oúnjẹ sísè sọ pé àwọn ará Íńdíà ló máa ń lọ oríṣiríṣi èròjà pọ̀ sínú ọbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lọ jọba lé wọn lórí tọ́ ọ wò, wọn ò lè gbàgbé adùn rẹ̀. Ni wọ́n bá rọ ọ́ sínú agolo, wọ́n pè é ní kọ́rì, wọ́n ń tà á káàkiri títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó ti rìn jìnnà tó báyẹn, ṣé ó wá yẹ kó má dé Ṣakí? Ni mo bá di agolo kan mọ́ ẹrù mi lọ sílé ọkọ níbẹ̀.

Nílé ọkọ mi, Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyàwó bá wọlé, òun ni yóò se oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo agbo ilé. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ó ti di ọmọ ilé. Bó bá ṣẹ́ kù ńkọ́? Orúkọ tí wọn yóò máa pè é, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Mo se ìrẹsì. Mo fi adìyẹ àti àlùbọ́sà se ọbẹ̀ láìfi tòmátì sí i, bí tíṣà ṣe kọ́ wa gan-an. Ẹ̀rù ń bà mí kó má baà tẹ́, ni mo bá da gbogbo agolo kọ́rì náà sí i. Ọbẹ̀ pupa rúsúrúsú, òórùn gba gbogbo ilé!

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti mọ́sáláṣí dé, Màámi, ìyá ọkọ mi, ṣí ìkòkò. Wọ́n wò ó, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dé e padà. Wọ́n wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, ta ni ibà ń ṣe?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní ọbẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n má tijú, pé àwọn náà ti se àgbo ibà fún ọkọ àwọn rí. Wọ́n pe ọmọ wọn, wọ́n fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ láti wo ẹyinjú rẹ̀. Ọkọ mi búra pé kò sóhun tó ń ṣe òun. Omijé lé ròrò sí mi lójú. Ta ni yóò fi àgbo jẹ ìrẹsì?

Mo fẹ́ gbé ìkòkò náà kúrò nígbà tí Màámi ní kí n dúró. Wọ́n ní orúnkún ń ro àwọn láti ìgbà òjò, kí n bu díẹ̀ wá. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní kí n tún bù ú, kí n fi ìrẹsì sí i.

Ni àìsàn bá wọ agbo ilé! Ẹ̀yìn ń dun ẹnì kan, orí ń fọ́ ẹnì kejì. Bàbá àgbà tó ń fọ́nnu láàárọ̀ pé ara àwọn le rántí pé ikọ́ ń ṣe àwọn. Wọ́n nu ìkòkò náà mọ́. Ọkọ mi tó ti búra pé ara òun yá, ìrẹsì lásán ló jẹ.

Títí Màámi fi kú, wọn ò gbà pé oúnjẹ ni kọ́rì. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi.

"Ìyàwó, ara mi ò yá díẹ̀."

Màá ní ẹ pẹ̀lẹ́, màá sì gbé ìkòkò kaná. Mo fẹ́ràn wọn gan-an.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí àlejò bá wọlé, ẹ jẹ́ kí onílé pè é ní orúkọ tó bá wù ú, kó ṣáà ti gbà á sílé. Ẹ̀yin ńkọ́? Àìsàn wo ló máa ń ṣe ìyá ọkọ tiyín bí ọbẹ̀ bá dùn?