Katapílà Tí N Kò Fojú Rí

Òórùn búrẹ́dì ló máa ń jí wa ní àdúgbò wa ní Ìfọ̀ nígbà náà, lẹ́bàá títì tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Màmá Oníbúrẹ́dì, opó kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló ni ààrò tí òórùn náà ti ń jáde. Ọkọ rẹ̀ ló fi bíríkì àti amọ̀ mọ ọ́n síwájú ilé kó tó kú, ó sì mọ ọ́n sún mọ́ títì dáadáa kí àwọn awakọ̀ lè rí èéfín rẹ̀ kí wọ́n dúró. Ààrò yẹn ni màmá fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Mo rántí pé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù ni. Tíṣà ni mí, mo sì tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayálégbé ni èmi fúnra mi. Òyìnbó tí mo gbọ́ ni wọ́n fi fi mí jẹ akọ̀wé, èmi náà sì gbà pé òyìnbó mi lè tún títì ṣe. Títì ọ̀hún ti bàjẹ́ kọjá àfẹnusọ. Bí òjò bá rọ̀, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú kòtò tó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo kọ lẹ́tà sí ìpínlẹ̀ tiwa, wọ́n ní ká lọ bi ìpínlẹ̀ Èkó. Èkó ní Àbújá ló ni títì. Àbújá kò fèsì rárá. Inú ń bí mi débi pé oorun ń dá lójú mi. Mo rò pé ẹni tó bá ń bínú nítorí ohun rere kò lè hùwà búburú. Ọmọdé ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ kan, kánsẹ́lọ̀ wa wá sí ìpàdé. Ó ní iṣẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, katapílà ti ń bọ̀ lọ́nà, wọn yóò mú títì náà fẹ̀ sí i, àti pé àdúgbò tí wọ́n bá ti fọwọ́ ara wọn wó iwájú ilé wọn ni agbaṣẹ́ṣe yóò kọ́kọ́ yà sí. Alága ẹgbẹ́ wa pàṣẹ, èmi ni mo gbé ọ̀dà pupa, tí mo ń sàmì X kiri sára ṣọ́ọ̀bù àti ògiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo onílé ti wó tiwọn. Ó ku Màmá Oníbúrẹ́dì nìkan. Alága ní, "Tíṣà, ìwọ lo kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ níwèé. Lọ bá wa bẹ̀ ẹ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, kò sì dáwọ́ dúró.

"Tíṣà, ṣé o fojú ara ẹ rí katapílà ọ̀hún, àbí wọ́n sọ fún ẹ ni?"

Wọ́n sọ fún mi ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ààrò náà kò ní kúrò níbẹ̀.

"Mo fojú mi rí wọn, mà. Mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n ti já wọn kalẹ̀ l'Ọ́tà."

"Mẹ́ta?"

"Mẹ́ta, mà. Yẹ́lò ni gbogbo wọn."

Kò sẹ́ni tó bi mí ní àwọ̀ wọn.

Màmá nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ ò lè parọ́ fún mi."

Ní ọjọ́ Sátidé, ó yan búrẹ́dì ìkẹyìn, ó sì pín in fún gbogbo àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bíríkì àkọ́kọ́, ó wọlé lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi dígà wó ìyókù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀. Katapílà kankan kò wá. Kánsẹ́lọ̀ parí sáà rẹ̀, òmíràn dé pẹ̀lú ìlérí tirẹ̀. Màmá mọ ààrò kékeré kan sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kò rí i mọ́, èéfín rẹ̀ sì ń yọ ará ilé kejì lẹ́nu. Nígbà tó yá, búrẹ́dì ẹlòmíràn ló ń gbé kiri ní gáréèjì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti ń dùn ún.

Ní ìpàdé kan, àwọn onílé yí mi ká, wọ́n ń bú mi pé mo fi wọ́n tọrọ ojúure kánsẹ́lọ̀. Màmá ló dìde.

"Ẹ má bú Tíṣà o. Ó fojú ara ẹ̀ rí wọn. Ìjọba ló dá wọn padà lọ́nà."

Èmi ni akọ̀wé. Bíírò wà lọ́wọ́ mi, ìwé ìpàdé sì wà lórí itan mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, mo sì fàlà sídìí rẹ̀. Ojú tì mí.

Ó ti pẹ́ tí màmá ti kú. Nígbà tí mo lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Màmi máa ń sọ pé nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fáwọn." Òtítọ́ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ṣì ń lọ. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń bú ìjọba lónìí nítorí títì, mo máa ń dákẹ́, wọ́n á ní ọjọ́ orí ló mú mi rọlẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìjọba tó parọ́ fún wa kò mọ Màmá Oníbúrẹ́dì. Èmi mọ̀ ọ́n.