Oko Kájú Ráímì

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí ni kò tíì gbọ́njú nígbà tí wọ́n gba àpótí ìbò lọ́wọ́ wa ní abúlé wa, lọ́nà Sanson. Ìbò kọmúnù ni, ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, koríko ti gbẹ, fóònù kò sì tíì pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ wa ní ibùdó ìdìbò tó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ráímì ni alága ibùdó náà. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n àáró kan náà la wà. Bí òjò bá ti rọ̀, àwa mẹ́fà á kọ ebè iṣu lóko ẹnì kan lónìí, a ó kọ ọ́ lóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí.

Ìdìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, a fẹ́ ṣí àpótí ká máa kà. Gbogbo wa la mọ ẹni tí abúlé dìbò fún. Ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin bá fi mọ́tò dé, ìbọn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ìlú ni wọn yóò ti kà á. Ráímì jókòó lé àpótí náà. Níta, àwọn ọmọ wa ti ń fa àdá yọ. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ ìyá wọn.

Ráímì wò mí. Ó ní, "Sámù, kí la ó ṣe?"

Mo ní, "Gbé e fún wọn. Ìbò á tún padà wá. Ọmọ tó bá kú ò ní padà wá."

Ó dìde, ó gbé e fún wọn. Nígbà tí èsì dé láti ìlú, a ti fìdí rẹmi.

Nípàdé ẹgbẹ́ wọ́n bi mí pé ta ló gbé àpótí sílẹ̀. Mo ní Ráímì ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Mo gbé ìdajì tó kù mì. Ìwà ojo ni, mi ò ní pè é lórúkọ mìíràn. Mo rò pé bí inú wọn bá rọ̀ tán, n óò wá sọ ìyókù. Ẹyin lohùn, tèmi sì ti fọ́ kí n tó délé.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ráímì gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó wá bá wa níbi tí a máa ń pàdé. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sì sẹ́ni tó kí i. Àwa márùn-ún dìde, a gba oko lọ, èmi náà tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró síbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo kò lè kọ ebè tí yóò bọ́ odindi ilé. Ráímì gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún méjì. Ní ọdún kẹta ó gbin kájú, nítorí kájú kì í béèrè àáró: òun àti ìyàwó rẹ̀ á gé koríko, wọ́n á ṣa kóró, ó parí. Nígbà tí igi wá ń so, tí àwọn tó ń ra kájú ń wá bá a láti Tchaourou, abúlé ní ẹ ò rí i, owó ìbò wa ló fi gbin ín. Mo gbọ́ ọ, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyà tí a fi jẹ ẹ́ la sọ di ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Lọ́dún yìí ni Áfúsátù, ọmọ abúlé wa tó ń ṣe olùkọ́ ní Kika, mú fóònù wá láti gba ìtàn ìjà ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó pè mí ní akọni. Ó ní, "Tonton, bàbá wa, ẹ sọ ti Ráímì náà fún wa, bó ṣe ta àpótí."

Ojú tì mí. Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó dá fóònù dúró, ó rọra bi mí bóyá kí òun yọ ibẹ̀ kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Wọn kì í sọ ohun tí òótọ́ ń bá nílé tó bá dé. Láti ìgbà tí abúlé ti gbọ́ ọ, àwọn méjì tó kù láyé nínú àáró wa kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Wọ́n ní mo sọ ìjà wa di yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi ti kú. Bẹ́ǹṣì abẹ́ máńgòrò mi, èmi nìkan ló kù tó ń jókòó sórí rẹ̀. Ó ń dùn mí, mo sì mọ ẹni tó ti jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́ jù mí lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo gbé ọkọ́ mi, mo lọ sóko Ráímì. Ó ń ṣa kájú. Ọjọ́ orí kan náà la jọ wà, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní mo wá san àáró tí mo jẹ ẹ́. Ó wo ọkọ́ náà, ó ní:

"Áfúsátù ti jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Sámù, mi ò retí ẹnu abúlé. Ẹnu tìrẹ ni mo ń retí."

Mo ní kó fi ibi tí n óò kọ ebè sí hàn mí.

"Ibo?" ó ní. "Kájú ni gbogbo rẹ̀."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a jèrè lọ́jọ́ náà kò kéré: àwọn ọmọ tó fa àdá yọ ti di bàbá ọmọ lónìí. Ìbò tí a pàdánù, a ti di ìbò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, a sì ti wọlé nínú àwọn kan. Àáró Ráímì ló kù, igi sì ti hù síbi tó yẹ kí n ti san án. Mo gbé ọkọ́ mi padà wálé, erùpẹ̀ kò kàn án.